Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ìyàwó Mi

Ìyàwó mi a máa yí sitiárìn sí òsì díẹ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó lè lọ tààrà. Ẹni tó bá jókòó tì í á rò pé ó fẹ́ yà síbìkan. Kò yà síbì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣe ń rìn láti ọjọ́ tí tírélà kan ti gbá tayà ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ní Liverpool Road, nígbà tí ìyàwó mi ń bọ̀ láti wọ́ọ̀fù, níbi tó ti ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn jáde.

Mẹkáníìkì wa ní Amukoko tún un ṣe títí ó fi sú wa. Tayà iwájú nìkan ló máa ń mú tọ́. Kì í pẹ́ tí ọkọ̀ á tún fi máa fà sí ọ̀tún.

"Ọ̀gá mẹ́ká, ṣé ọkọ̀ mi ò lẹ́yìn ni?" ìyàwó mi bi í lọ́jọ́ kan.

"Mọ́mì, ẹ̀yìn kì í yí. Iwájú ló ń yí. Àbí ẹ tún fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Ẹni tó ń tì mí látẹ̀yìn, tójú ẹ̀ ń wo ibòmíràn, ibo lẹ rò pé màá já sí?"

"Mọ́mì, yu tuu sàbí! Ẹ ti mọ̀ jù!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ. Tayà ẹ̀yìn tó ti yà sínú ń ti ìdí ọkọ̀ sí òsì, imú rẹ̀ sì ń kọrí sí ọ̀tún. Bí a bá fẹ́ ya ọ̀tún, ara rẹ̀ á yá ju bó ṣe yẹ lọ. Bí a bá fẹ́ ya òsì, á máa lọ́ra.

Àìsàn ló pa ìyàwó mi, kì í ṣe ọkọ̀. Èmi ni mo wá ń wà á. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà lórí sitiárìn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nítorí ìyẹn ni n kò ṣe gbé e lọ fún àtúnṣe mọ́.

Nígbà tó yá, ọmọ wa obìnrin ríṣẹ́ sí Warehouse Road, ó sì ń wa ọkọ̀ ìyá rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, bó ṣe ya ọ̀tún, ìdí ọkọ̀ yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀ ló kù kó gbá tánkà. Bó ṣe délé ló fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa. Ó ti ra ẹ̀rọ tó ń yẹ tayà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. "Dádì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè," ló fi kí mi. "Ẹ̀yìn Mọ́mì á dáa o."

Mo ní àmín. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀: "Háà! Ẹ̀yìn yìí ò dáa rárá!"

Ó yọ orí síta. "Dádì, ẹ má bínú. Ọkọ̀ ni mò ń sọ o."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n mú un tọ́?"

Ọmọ mi ń wò mí.

"Ẹ mú un tọ́."

Nígbà tó ṣe tán, mo wà á wò lójú títì. Ọwọ́ mi lọ sí òsì fúnra rẹ̀, ọkọ̀ náà sì tẹ̀ lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí gọ́tà.

"Dádì, ẹ fi í sílẹ̀! Kò fà mọ́!" ọmọ mi kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo gbìyànjú. Ọwọ́ mi ò gbọ́. Mo dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fún ọmọ mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó wà wá délé. Ọkọ̀ náà lọ tààrà, bí ẹni pé kò rìn lọ́nà mìíràn rí.