Ààwẹ̀ Tí A Gbà Nítorí Iyán

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ikùn tó ń gba nǹkan. Ẹni tí ikùn rẹ̀ kò bá láyè, kó má dá a láṣà láti ṣe iṣẹ́ àánú ní Ìkẹ́rẹ́.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà. Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ákùrẹ́, ni wọ́n dá padà sí Adó, sí ọ́fíìsì kan tí àga kò tíì tó. Àwọn méjì ló ń pín àga kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀ á jókòó, ẹnì kejì á máa bá iṣẹ́ ìjọba lọ lórí ìdúró. Síbẹ̀ inú gbogbo wa dùn. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ ni pé tiwa ti di tiwa, ká fi ọwọ́ ara wa tún un ṣe.

Àlùfáà ìjọ wa gbé ọ̀rọ̀ náà gun orí àga ìwàásù. Ó ní kì í ṣe owó inú àwo ọrẹ nìkan ni àánú, pé kí bàbá, ìyá àti ọmọ inú ilé kan jùmọ̀ jáde ní gbogbo Sátidé láti ṣe nǹkan fún ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ó béèrè pé ìdílé wo ni yóò kọ́kọ́ ṣe é. Mo nawọ́ sókè. Ọkọ mi wò mí bí ẹni pé mo fi òun tọrẹ.

Wọ́n pa wá pọ̀ mọ́ ìdílé káfíńtà kan, wọ́n sì fún wa ní Yèyé.

Yèyé jẹ́ opó àgbàlagbà nínú ìjọ wa. Ìlà iwájú ló máa ń jókòó sí, ó sì máa ń parí orin kí ẹgbẹ́ akọrin tó parí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìlú, lábẹ́ àpáta, ni ilé rẹ̀ wà. Oko iṣu rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé náà gan-an, ohun tó sì bá ti inú rẹ̀ jáde ló ń jẹ láti ọdún dé ọdún. Òkè Ọya ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé, wọn kì í tètè wá. Ìjì àkọ́kọ́ ọdún yẹn ṣí páànù ìdajì ilé rẹ̀ gbé lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àlùfáà ló lọ kí i, tó ní kí àwọn gbàdúrà, tó gbójú sókè bó ti máa ń ṣe, tó sì rí ọ̀run gan-an.

A dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé pẹ̀lú àkàsọ̀, ìṣó, òòlù, àti páànù tí ìjọ rà. Tọkọtaya méjì, ọmọ mẹ́fà. Yèyé jáde sí wa.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ mi. Ẹ jókòó."

"Yèyé, a ò wá jókòó," ni ọkọ mi wí. "Òrùlé la wá ṣe."

"Ẹni tó wà lórí ìdúró ò lè jẹ uyán," ni Yèyé fèsì, ó sì wọ ẹ̀yìn ilé lọ. Ẹnu Ìkẹ́rẹ́ àtijọ́ ló máa ń sọ, ulé ni ilé lẹ́nu rẹ̀, uṣu ni iṣu.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró odó. Káfíńtà ti gun àkàsọ̀ dé ìdajì. Ó dúró, ó fetí sílẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Ìbejì," ló wí fún mi, "ìwà àìmoore ni kéèyàn wà lórí òrùlé nígbà tí àgbà ń gún iyán nísàlẹ̀."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ní ilẹ̀ wa, àlejò tó bá kúrò nílé ẹni láìfọwọ́ bọ oúnjẹ, ó bú onílé nìyẹn. Mo lọ bá Yèyé gbé ọmọ odó kejì. Kí n sọ òtítọ́, mo ṣì kéré sí i nígbà náà, ṣùgbọ́n a gún un títí tí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun alára ń kọ orin ìjọ lọ. Òkèlè iyán tó gbé síwájú ọkọ mi tóbi tó orí ọmọ. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló fi tì í, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wo ilẹ̀ àwo, Yèyé á ti fi òmíràn sí i.

"Yèyé, ó ti tó o!"

"Ìwọ tó o fẹ́ gun orí ulé mi? Kí ebi wá já ọ lulẹ̀ kí wọ́n ní èmi ni mo pa ọ́?"

Bí a ṣe jẹun tán ni oorun kó wa. Bàbá Ìbejì fẹ̀yìn ti ògiri, òòlù lórí àyà rẹ̀, ó ń hanrun. Àwọn ọmọ sùn kálẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n sá sóòrùn. Káfíńtà gbìyànjú, ó gun òkè padà, ó kan páànù kan. Nígbà tí mo gbójú sókè lẹ́yìn náà, ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja lórí igi òrùlé bí alángbá, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo wa jí. Páànù kan ṣoṣo la kàn.

Lọ́jọ́ Àìkú, Àlùfáà béèrè lọ́wọ́ káfíńtà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.

"Ẹ̀yin Àlùfáà," ló wí, ó di ikùn mú, "iṣẹ́ náà wúwo."

Ní Sátidé kejì, mo gbọ́n. Mo se ìrẹsì kún kúlà ńlá kan, kí a lè jẹ díẹ̀ kí a sì ṣiṣẹ́ púpọ̀. Yèyé wo kúlà náà bí ẹni ń wo ejò tó wọlé.

"Kí lèyí?"

"Oúnjẹ ni, Yèyé. A ò fẹ́ fún yín ní wàhálà ni."

"Ẹ gbé oúnjẹ wá sí ulé mi? Ṣé mo ti kú ni?"

Ó ké sí àwọn ọmọ àdúgbò, ó pín ìrẹsì mi fún wọn ní ojú mi, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun lọ mú iṣu lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó dá mi níjì. Ibi tó máa ń to iṣu jíjẹ sí ti ṣófo. Ohun tó ń ṣà sínú agbọ̀n ni èbù, àwọn iṣu kéékèèké tó ti yà sọ́tọ̀ láti gbìn. Ebè ti wà nílẹ̀ nínú oko, wọ́n ti kọ ọ́ tán, òjò nìkan ló kù. Bí èbù náà bá sì bá ọ̀nà ọ̀fun wa lọ, kí ni obìnrin yìí yóò gbìn? Kí ni yóò jẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Mo mọ̀ ọ́n, kò ní tọrọ láé. Ẹni tí kò tọrọ páànù kò lè tọrọ iṣu.

"Yèyé! Èbù mà nìwọ̀nyí!"

"Èbù kì í ṣe uṣu ni? Gbé agbọ̀n yẹn."

Oúnjẹ ọjọ́ yẹn kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Mo jẹ ẹ́ tán o, ṣùgbọ́n kò lọ. Nígbà tí a ń padà sílé, mo sọ fún àwọn yòókù. A ti wá ran opó lọ́wọ́, a sì ń jẹ ẹ́ run.

"Ká má lọ mọ́," ni ọkọ mi wí.

"Kí òjò wá máa rọ̀ lé e lórí?" ni mo bi í.

Káfíńtà ronú títí. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn oúnjẹ bíi tirẹ̀ nínú wa, nítorí náà ni mo ṣe mọ̀ pé Ẹ̀mí ló bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbààwẹ̀," ló wí. "Kò sí onígbàgbọ́ tó lè fi iyán lọ aláàwẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ilé Yèyé ní Sátidé kẹta, ètè gbígbẹ, ojú pípọ́n, tàgbà tèwe. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. "Yèyé, ẹ má ṣe ìyọnu kankan lónìí o. Ààwẹ̀ la wà."

Ojú Yèyé tàn. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi! Nítorí ulé mi lẹ ṣe ń gbààwẹ̀? Ọlọ́run á gbọ́ o. Aago mélòó lẹ óò ṣínu?"

Kò sí ẹni tó ti ro ìyẹn. Mo fi ojú bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì kò lè purọ́, kódà bí ọ̀bẹ bá wà lọ́rùn rẹ̀.

"Aago mẹ́ta, Yèyé," ló wí.

Aago mẹ́ta kò tíì lù tí odó fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé a ti gbààwẹ̀, ó sọ iyán di ìlọ́po méjì. Ẹ má gbàgbé pé ebi ń pa wá lóòótọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi jẹ títí tí kò fi lè dìde, pọ̀npọ̀n la pọ̀n ọ́n lọ sílé, ọmọ tó ti ń lọ sí ilé ìwé. Iṣẹ́ tilẹ̀ rìn díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ku yàrá kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọjú wo èbù lẹ́yìn ilé, ó ti dín kù gan-an.

Ibi ìdánrawò orin ìjọ ni mo wà nígbà tí ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Ọkọ mi ní ìbẹ̀rù iyán ni. Ohun tó sọ sí mi ni pé iṣu tó bá ti wà nínú ilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gún un.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni àwọn ìyá ìjọ máa ń pàdé fún àdúrà, Yèyé kì í sì í pa á jẹ. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n darí àdúrà lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe kúnlẹ̀ ni àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọ gba ẹ̀yìn ilé Yèyé lọ, nítorí òjò ti rọ̀ lálẹ́ àná, ilẹ̀ sì ti rọ̀. Èmi gbàdúrà. Mo gbàdúrà fún ìpínlẹ̀ tuntun. Mo mú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàdúrà fún ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Adó, kòtò sí kòtò. Nígbà tí mo dé orí àga ọ́fíìsì ọkọ mi, ìyá kan lẹ́yìn mi kùn pé, "Ìyá Ìbejì, orúnkún wa o."

Mo ṣe àmín nígbà tí kò sí ohun mìíràn ní Èkìtì tó kù láti gbàdúrà fún. Mo sì tẹ̀ lé Yèyé lọ sílé.

Ó dé ẹ̀yìn ilé, ó rí i pé ó ṣófo. Ó fi igbe ta: "Olè! Olè o!"

Àwọn aládùúgbò tú jáde. Láti inú oko ni ọkọ mi ti sáré wá, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹrẹ̀ dé eyín rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Yèyé, àwa ni. A ò jí i. A ti gbìn ín."

Wọ́n ti gbin gbogbo rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ọmọ ti fi ìtara gbin èyí tí Yèyé gé sínú ìkòkò fún oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀kan nínú wọn sì ti gbin iṣu sísè méjì tó bá lórí àwo, ó fi ewé bò ó dáadáa.

Yèyé wọ inú oko lọ. Ó ń fi ìka ti ebè wò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ̀rù bà wá pé yóò hú u. Nígbà tó yá, ó jókòó sí etí ebè kan.

"Kí lẹ óò wáá jẹ?" ló bi wá.

Ó bu erùpẹ̀ bo èbù kan tó yọrí síta.

"Láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ," ló wí, "n ò gún uyán mọ́. Ta ni í gún uyán fún ẹnu kan? Ẹ̀yin lẹ dé tí odó mi tún rí omi. Ẹ wá gbin gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀."

Nígbà náà ló tó yé mi. Àwa rò pé òrùlé la wá ṣe fún un.

"Yèyé," ni mo wí, mo kúnlẹ̀ tì í, "iṣu wà nílé wa. A ó máa gbé e wá, kí ẹ máa gún un."

"Kí àdúgbò ní ẹ ń bọ́ mi? Kí lẹ óò sọ fún wọn?"

"A ó ní odó wa ló là," ni káfíńtà dá sí i.

"Ṣé ó là?"

Gbogbo wa wo ọkọ mi. "Rárá, Yèyé," ló wí.

"N ò jẹ oúnjẹ irọ́."

Káfíńtà dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ nù, ó bi ọkọ mi léèrè ibi tí àáké wa wà. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ń sáré lọ sílé wa, èmi náà ń sáré tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ o! Odó ìgbéyàwó mi ni! Ìyá mi ló fún mi! Ẹ lọ la tiyín!"

"Ìyàwó mi ti sáré ṣíwájú wa," ni káfíńtà dáhùn, ó ń mí gúlegúle. "Ó ti jókòó lé tirẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà dojú odó rẹ̀ dé, ó jókòó lé e, kò sì dìde títí di ìrọ̀lẹ́. Tèmi ni wọ́n là, ó là sí méjì gééré. Mo sunkún díẹ̀, mo rẹ́rìn-ín púpọ̀, mo sì dúpẹ́ pé kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ ni káfíńtà dárúkọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí káfíńtà ti ń kan páànù tó kù, mo ru iṣu lọ sí ilé Yèyé. Aládùúgbò rẹ̀ kan dá mi dúró lójú ọ̀nà.

"Ìyá Ìbejì, kí ló dé tí ẹ ò gún un nílé?"

"Odó wa ló là," ni mo wí, òtítọ́ sì ni. "Yèyé ló ní ká máa wá gún un lọ́dọ̀ òun."

"Ó mà ṣe o. Yèyé, ẹ ṣeun fún wọn o!"

Ohùn Yèyé dáhùn láti ẹ̀yìn ilé, ó ga kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Kò tọ́pẹ́! Ṣé ká wá máa wò wọ́n kí ebi pa wọ́n ni?"