Ẹ̀rọ Tó Sọ Èmi àti Ìkejì Mi Di Ẹnì Kan

N kì í fọkàn tán ohun tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo tí kì í sì í béèrè nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ló rí lára mi láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ti gbé ẹ̀rọ akọ̀wé rẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ ẹbí wa. Inú fóònù ló ń gbé. Bí ẹ bá ń ṣèpàdé, á jókòó síbẹ̀ láìfọhùn; kí ẹ tó dìde, ó ti kọ gbogbo ohun tí ẹ sọ, ó ti ṣàkópọ̀ rẹ̀ ní ṣókí, ó ti sọ ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní ó ti ń gbọ́ Yorùbá, ó sì ti ń dá ohùn èèyàn kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi wá ń gbé e kiri bí ìyàwó tuntun. Ó ń lò ó ní ọ́fíìsì, ó ń lò ó nínú ìpàdé àwọn onílé àdúgbò rẹ̀, ó ń lò ó bí pásítọ̀ bá ń wàásù. (Ẹ má bínú pé mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní “ó”. Inú ṣì ń bí mi.) Ó fi han ìkejì mi, tó jẹ́ tíṣà ní Èrúwà, òun náà kò sì lè ṣe ìpàdé àwọn tíṣà mọ́ láìsí i. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí níbẹ̀, wọ́n á ní ó ń fi àwọn lọ́kàn balẹ̀. Èmi a máa fura sí ohun tó bá ń fi àgbàlagbà lọ́kàn balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbejì ni èmi àti tíṣà yìí. Ní Igbó-Ọrà, ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń yà wò. Ẹ pe Ìyá Ìbejì ládùúgbò wa, kí ẹ wá wo iye obìnrin tí yóò dáhùn. Ojú wa kò fi bẹ́ẹ̀ jọra mọ́, torí èmi ti sanra, ṣùgbọ́n ohùn wa kò yàtọ̀. Ọkọ rẹ̀ gan-an ti pè mí rí lórí fóònù, tó ń bẹ̀ mí nítorí ìjà tí n kò mọ̀dí rẹ̀. N kò dá a dúró. Mo gbọ́ ọ parí, mo sì foríjì í.

Ọ̀rọ̀ ìyá wa ló dá ìpàdé sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Télọ̀ ni mí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n máa ń jókòó sí láti àárọ̀, tí wọn á máa kí àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ti Ìdèrè bọ̀ wá nájà. Bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ mú wọn lọ sí Ìbàdàn, ó ní ojú wọn ti ń ṣú, dókítà ojú sì pọ̀ lọ́dọ̀ òun. Èmi mọ bí àgbàlagbà ṣe ń gbé ní ìlú ńlá: yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n kan, gbogbo ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá lọ, n kò ní fojú kàn wọ́n láàyè mọ́.

Ìkejì mi wá láti Èrúwà fún ìpàdé náà. A gbé fóònù rẹ̀ sórí àpótí ní pálọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ń sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn, àbúrò wa ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ láti Èkó, ìyá wa jókòó sórí àga wọn, ẹ̀rọ náà sì ń gbọ́ gbogbo wa. Mo ní Màmá kò lọ síbì kankan. Ìkejì mi ní kí Màmá máa lọ, kí wọ́n lọ tọ́jú ojú wọn. Mo ní n kò gbà. Ó ní òun gbà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ọ̀rọ̀ fi sú wa, a sì túká láìfẹnu kò.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mò ń gé aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti gbé ìkejì mi ní Èrúwà.

“Ṣé o ti di ẹrù Màmá?” ni Bọ̀ọ̀dá mi bi mí.

“Ẹrù wo?”

“Ṣebí o ti gbà.”

“Èmi kẹ̀? Níbo?”

Ló bá na fóònù sí mi. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ ti wà nínú gúrúùpù ẹbí wa láti ọjọ́ ìpàdé. Èmi kì í sábà yẹ ibẹ̀ wò, àdúrà àárọ̀ ló kún ibẹ̀. Ó kọ ọ́ pé obìnrin tó sọ̀rọ̀ láti Igbó-Ọrà kọ́kọ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ó padà gbà pé kí Màmá lọ. Àbúrò wa ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́ rẹ̀. Àwa méjì tá à ń jiyàn, ẹ̀rọ sọ wá di obìnrin kan tó yí ọkàn padà.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀yin ò sí níbi ìpàdé ni?”

“Mo wà níbẹ̀, àmọ́ mò ń wakọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ló ń bá mi gbọ́ ọ.”

Mo ju àlùmọ́gàjí sórí tábìlì. Mo kọjú sí ìkejì mi.

“Ìwọ tó ò ń lò ó lójoojúmọ́, o ò rí i pé ó pa wá pọ̀? Àbí o rí i, o dákẹ́, torí pé ó gbè ọ́?”

Ó ní òun rò pé mo yí ọkàn padà lẹ́yìn tí òun lọ ni. N kò gbà á gbọ́. Títí dòní, n kò tíì gbà á gbọ́ tán.

Bọ̀ọ̀dá mi ní kí a má jà, ohùn wa ṣì wà nínú fóònù. Ó tàn án. Obìnrin kan ní Màmá kò lọ, obìnrin kan ní kí Màmá máa lọ. Ká ní n kò mọ ohun tí mo sọ, ǹ bá búra pé èmi ni mo sọ méjèèjì.

Láti orí àga wọn ni ìyá wa ti fọhùn. “Télọ̀ nìyẹn. Tíṣà nìyí. Tíṣà náà ni. Télọ̀ nìyẹn.” Wọn kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

“Ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó bí wa!” ni mo wí. “Màmá ò fẹ́ lọ. Ẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ.”

“Tún un tàn,” ni ìyá wa wí. “Mo fẹ́ gbọ́ ibi tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀.”

Bọ̀ọ̀dá mi tún un tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. A gbọ́ mi, a gbọ́ ìkejì mi, a gbọ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì. A kò gbọ́ ìyá wa. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan.

“Mò ń lọ,” ni wọ́n wí. “Ó wù mí kí n rí ojú àwọn ọmọ ọmọ mi tó wà lọ́hùn-ún kí ojú tèmi tó ṣú tán. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí.”

Kíá, Bọ̀ọ̀dá mi ti nawọ́ sí fóònù kó lè gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

“Pa nǹkan yẹn.” Ìyá wa yíjú sí ọ̀nà ibi tí mo dúró sí. “Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?”

Mo ní mo gbọ́, mà. Mo wọlé lọ di ẹrù wọn.