Yàrá Búlọ́ọ̀kù Tí Ọkọ Mi Kọ́

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ tuntun gba ọkọ mi síṣẹ́ akọ̀wé ní Ìlọrin, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó kọ́ yàrá kan mọ́ ilé bàbá rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Ilé amọ̀ ni ilé yẹn. Yàrá tèmi nìkan ni wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì sí, tí wọ́n kùn lẹ́fun. Gbogbo agboolé wá wò ó. Wọ́n ní orí mi dára.

Orí mi dára lóòótọ́, àmọ́ ọyẹ́ ò gbọ́. Àwọn yàrá yòókù fara ti ara wọn, ògiri wọn nípọn, àjà wà lókè wọn, iná ilé ìdáná sì ń mú wọn gbóná láti ẹ̀yìn. Tèmi dá dúró ní ìpẹ̀kun ilé, páànù lásán ló wà lórí mi. Níbi tí búlọ́ọ̀kù ti pàdé amọ̀, wọn ò mú ara wọn rárá. Ọwọ́ mi wọ àlàfo ibẹ̀.

Inú ọyẹ́ ni mo bí àkọ́bí mi. Wọ́n máa ń dáná sí yàrá ìyá ọmọ tuntun, àmọ́ ìyá ọkọ mi kọ̀.

“Èéfín á ba ẹfun jẹ́, ìyàwó. Ṣé kí wọ́n ní a ò mọ ilé ìgbàlódé lò ni?”

Mo ní kí n kúkú wá sí yàrá tiwọn. Wọ́n ní ká má rí i, ogójì ọjọ́ gbọ́dọ̀ pé mi níbẹ̀, kí àlejò lè bá mi nínú ohun tí ọkọ mi kọ́ fún mi. Ọmọ ń wúkọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, inú ń bí mi, mo jókòó ti ògiri funfun bí ẹlẹ́wọ̀n.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ Sátidé. Mo rò pé ìdáǹdè dé. Ó fọwọ́ pa ògiri, ó yìn ín, ó gbé ọmọ jó. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó kó ìrọ̀rí rẹ̀.

“Òtútù yìí pọ̀ jù. Màá lọ sùn lọ́dọ̀ màámi.”

“Àwa ńkọ́?”

“Ó ti mọ́ ẹ̀yin lára.”

Mo gbé ọmọ, mo tẹ̀lé e. Ọmọ wúkọ́ lójú ìyá ọkọ mi. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná, níbi tó gbóná jù. Àyà mi balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè.

“Ìwọ padà o, ìyàwó. Ìyàwó pásítọ̀ ń bọ̀ láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ọ níbẹ̀. Bí ọmọ bá ké, a ó pè ọ́.”

Ọkọ mi ti kọjú sí ògiri. Mo padà. Omi ọmú ń ro sí aṣọ mi, kíá ló sì ń tutù.