Ojú Tí Wọ́n Fi Ń Pe Ẹ̀gbọ́n Mi Lólè

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni Gìrìpá. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé kó tó parí níbẹ̀ ló ti ga ju tíṣà lọ. Apá rẹ̀ tóbi bí itan ẹlòmíì. Ọrùn ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí: orí kàn jókòó sórí èjìká ni. Àpá kan wá gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wálẹ̀ dé àgbọ̀n, gbọọrọ, bí ìgbà tí èèyàn fi rúlà fa ìlà. Ẹni tó bá rí àpá náà á máa rò pé ọ̀bẹ ni, tàbí ìbọn. Irọ́ ni. Àkùkọ ló fà á. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó ń lé àkùkọ aládùúgbò wa kiri. Àkùkọ ṣàdédé yíjú padà, òun náà wá ń lé e, ni ẹ̀gbọ́n mi bá sá lọ kọlu páànù kan tó ti ya. Títí dòní, bí adìẹ bá ń bọ̀ lọ́nà, Gìrìpá á gba òdìkejì títì.

Iṣẹ́ tó wá yàn láàyò ló dá kún ọ̀ràn náà. Kọ́kọ́rọ́ ló ń gé. Àgádágodo tó dẹnu kọlẹ̀, ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn tó há mọ́ èèyàn, òun ni wọ́n ń pè. Ẹ wá rò ó wò: ọkùnrin tó rí bí olè inú àwòrán, tó gbé àpò irin dání, tó kúnlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn! Èmi ni mo máa ń gbé fóònù ṣọ́ọ̀bù wa, èmi náà ni mo sì máa ń bá a lọ sílé oníbàárà. Kì í ṣe pé mo mọ nǹkan kan nípa kọ́kọ́rọ́ o. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n máa jọ ọmọlúàbí.

Ilé ìtajà ńlá kan wà ní ìkángun òpópónà wa. Ìgbàkígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá wọ ibẹ̀, gáàdì á fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, á máa tẹ̀ lé e. Bó bá dúró níbi ọṣẹ, gáàdì dúró níbi ọṣẹ. Bó bá yà síbi bisikíìtì, gáàdì á mú páálí bisikíìtì kan, á máa ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ kan Gìrìpá yíjú padà, ó na agbọ̀n ọjà sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, nígbà tó jẹ́ pé àwa méjèèjì la jọ ń rajà, ẹ bá mi gbé e díẹ̀."

Ojú ti gáàdì, ló bá gbé e. Ó gbé e títí dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó! Látọjọ́ náà, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń wọlé ló máa ń béèrè pé, "Ẹni tó ń bá mi gbé agbọ̀n dà?" Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé kì í ki ọwọ́ bọ àpò sòkòtò rẹ̀ láé nínú ilé ìtajà yẹn. Gbangba ló máa ń gbé ọwọ́ méjèèjì sí, bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀ tí kò fẹ́ kó dànù.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, gbìyànjú láti bá wa tún ojú náà ṣe. Ó ní kí ọkọ òun máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Gìrìpá fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ẹ̀rín níwájú dígí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dán an wò fún ọmọ kékeré kan níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀. Ọmọ náà figbe ta, ìyá rẹ̀ náà figbe ta, wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn lọ kí wọ́n má baà bá a wọ̀ ọ́. Ìyàwó ní kò burú, kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kó so táì mọ́ ọn. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí báńkì. Tẹ́lẹ̀, gáàdì kan ṣoṣo ló máa ń yẹ ara rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ táì, wọ́n di mẹ́ta.

"Wọ́n ní olè tó bá múra ló léwu jù," ló wí nígbà tó délé, ó sì bọ́ táì náà fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fi ṣe nǹkan míì.

Kì í kúkú ṣe gbogbo rẹ̀ ló pani lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lóyún, wọ́n ń wá ilé oníyàrá méjì. Onílé kan ti bá a sọ̀rọ̀ dáadáa lórí fóònù, ó ti ní kó máa bọ̀. Bí Gìrìpá ṣe yọjú báyìí, onílé wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ẹnì kan ti gba ilé yẹn láàárọ̀ yìí." Inú bí mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, mo lọ fúnra mi. Onílé yìí kan náà mú mi yípo yàrá méjèèjì, ó ń ṣí fèrèsé fún mi, ó ń fi ibi tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé hàn mí. Mo dúpẹ́, mo sì bá tèmi lọ.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Fáìlì irin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ha kọ́kọ́rọ́ kan tí mo mọ̀ pé ó ti parí látàná.

"Àbúrò mi, ṣó o mọ nǹkan tó ń yà mí lẹ́nu? Èmi tí mo gbé ojú yìí kiri, n kì í rí i. Àwọn tí ò gbé e ló ń wúwo fún." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ilé náà ńkọ́? Ṣó dáa?"

Mo ní kò dáa, pé ó ń rùn. Irọ́ ni mo pa.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, bí aago mọ́kànlá àárọ̀, fóònù dún. Olùkọ́ obìnrin kan ló ń pè láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ tó ti dàgbà ló jọ ń gbé ní òpópónà kejì sí tiwa, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Màmá nìkan ló wà nílé. Ó ti ilẹ̀kùn onírin láti inú, kọ́kọ́rọ́ bá kán sínú ihò rẹ̀. Ilẹ̀kùn ò ṣeé ṣí mọ́, ìkòkò ẹ̀wà sì wà lórí gáàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré o," ni olùkọ́ wí. "Mo ti sọ fún un pé ẹnì kan ń bọ̀. Èmi náà ti ń bọ̀ lọ́nà."

A sáré. Ilẹ̀kùn náà ní ihò kékeré tí ará inú ilé fi ń wo ẹni tó wà níta. Mo kànkùn.

"Ta nìyẹn?"

"Àwa tí ọmọ yín rán wá ni, Màmá."

Màmá gbé ojú lé ihò. Èmi kúrú, kò rí mi. Gìrìpá ló rí.

"Olè o! Ẹ gbà mí o! Olè ti dé o! Ó mà tóbi o!"

Kí n tó pajú pẹ́, ọkùnrin méjì ti já lù wá. Ọ̀kan jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé yàrá tó kọjú sí ti Màmá. Ìkejì jẹ́ akunlé tó ń kun ògiri ìsàlẹ̀, ọ̀dà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sójà di kọ́là ẹ̀gbọ́n mi mú, akunlé di bẹ́líìtì rẹ̀ mú lẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo na fóònù sókè pé kí wọ́n wo nọ́ńbà olùkọ́.

"Ìwọ náà dúró síbẹ̀," ni sójà wí. "Àwọn olè òde òní kì í rìn láìmú obìnrin dání."

Bí iṣẹ́ ọmọlúàbí mi ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ìgbà náà ni òórùn ẹ̀wà tó ń jó gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, èéfín sì tẹ̀ lé e. Gìrìpá kò jà. Ká ní ó fẹ́ jà ni, àwọn méjèèjì ì bá ti máa wá eyín wọn lórí àtẹ̀gùn. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀:

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí sílẹ̀ o. Ẹ dì mí mú dáadáa. Ọwọ́ mi nìkan ni kẹ́ ẹ yọ̀ǹda fún mi. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn tán tí mo bá jí nǹkan, ẹ ṣáà ti dì mí mú."

Sójà rò ó lọ, rò ó bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àléébù. Ni Gìrìpá bá kúnlẹ̀. Sójà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nítorí kọ́là, akunlé lóṣòó sẹ́yìn nítorí bẹ́líìtì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún díẹ̀, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

Sójà sún.

"Ẹ ṣé o. Ẹ tún bá mi tan tọ́ọ̀ṣì yìí sínú ihò."

Sójà fi ọwọ́ kan di olè mú, ó fi ọwọ́ kejì tan iná fún un. Gìrìpá gbé ẹnu sún mọ́ ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ pa gáàsì."

"N kì í gbàṣẹ lẹ́nu olè!"

"Ẹ̀wà yín ti ń jó, Màmá."

"Ẹ̀wà mi ò jó rí látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ!"

"Ó dáa. Ẹ lọ wò ó ná, kẹ́ ẹ wá bú mi."

A gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ lọ sí ilé ìdáná. A gbọ́ "Yéè!" A gbọ́ nígbà tó pa gáàsì, kẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ tún wọ́ padà wá.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Imú mi ni, Màmá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu akunlé. Gìrìpá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ fa èyí tó kán sínú ihò náà jáde, ó ti irin míì bọ̀ ọ́, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn ṣí. Èéfín ló kọ́kọ́ jáde, sílípáàsì Màmá ló tẹ̀ lé e. Ó gbá ẹ̀gbọ́n mi lórí, pà! Bó ṣe tún gbé e sókè, sílípáàsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gìrìpá mú un nílẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na án sí i.

"Ẹ gbà, Màmá. Ẹ máa bá a lọ."

Màmá dúró. Ó sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa.

"Kí ló ṣe ẹ́ lójú, ọmọ mi?"

Gbogbo ayé ló ti ń fún àpá yẹn ní ìtàn. Mi ò rántí ẹni tó béèrè rí.

"Àkùkọ ni, mà."

"Àkùkọ kẹ̀?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Akunlé ti fi bẹ́líìtì sílẹ̀ ó sì lọ ń ṣí fèrèsé. Sójà ló kù, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na kọ́là tó ti rún.

"Ẹ má bínú o," ló wí. "Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé ojú yín yìí..."

"Kí ló ṣe ojú mi?"

Sójà gbójú sókè wo àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ èsì sí. Kò rí nǹkan kan kà.

"Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n," ni Gìrìpá wí. Kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ míì, kẹ́ ẹ tó di èèyàn lọ́rùn mú, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè. Kò gba àsìkò."

"Òótọ́ ni," ni sójà wí. "Mo jẹ̀bi." Ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí orúnkún rẹ̀ ṣe lè gbà á.

Nígbà tí olùkọ́ fi máa sáré gun àtẹ̀gùn dé, Màmá ti gbé àga fún àlejò rẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni," ló ń wí. "Bó ṣe kànkùn báyìí ni mo ti mọ̀." Olùkọ́ wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Sójà bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ́là ẹ̀gbọ́n mi nà.

Lọ́jọ́ kejì a gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun mẹ́ta lọ. Màmá mú ọ̀kan, ọmọ rẹ̀ mú ọ̀kan, Màmá na ẹ̀kẹta sí Gìrìpá pé kó bá òun fi pa mọ́, kí ọ̀rọ̀ àná má tún ṣẹlẹ̀.

"Rárá o, Màmá. Bí abẹ́rẹ́ bá sọnù nílé yìí, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú?"

Màmá ránṣẹ́ pe sójà, ó ní kó mú bírò àti ìwé wá. Ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun Màmá, tí orí òun pé, ló fún ọmọ yìí ní kọ́kọ́rọ́ ilé òun, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá bá òun. Sójà kọ ọ́ bí ìwé ogun, ó fi ọjọ́ sí i, ó fi aago sí i, ó buwọ́ lù ú bí ẹlẹ́rìí. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi tó gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Ayé kò tìtorí ẹ̀ yí padà. Àwọn èèyàn ṣì ń gbé báàgì láti èjìká kan sí ìkejì bó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, láago méjìlá, Màmá á pè pé ilẹ̀kùn òun tún ti há. Olùkọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pé kò sóhun tó ṣe ilẹ̀kùn náà, pé oúnjẹ ni ìyá òun máa ń bò de ẹ̀gbọ́n mi, kí n jọ̀wọ́ sọ fún un kó má dára rẹ̀ láàmú mọ́. Mo sọ fún un. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ó gbé àpò irin rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá béèrè òun, òun wà níbi iṣẹ́.