Ọdún Méje Láìya Fọ́tò Àyà

Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Igbein ni Mosúnmọ́lá ń gbé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn dókítà la àyà rẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n sì yọ kókó kan tó tó ọsàn lára awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Dókítà ní kókó náà lè sùn fún ọdún mẹ́wàá kó tó tún jí. Kí ó máa wá ya fọ́tò àyà lọ́dọọdún.

Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lọ́dún kẹrin, lọ́jọ́ ìkórè, ó jẹ́rìí níwájú ìjọ pé òun ti sàn pátápátá. Ìjọ jó. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀, Dìran, ti ní fọ́tò parí: ẹni tó ti jẹ́rìí kì í lọ yẹ iṣẹ́ Ọlọ́run wò. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ọdún méje kọjá.

Lọ́dún yìí, bó bá ti fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ lọ́sàn-án, èémí rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tó wà lábẹ́ omi. Á rí ara rẹ̀ tó ń léfòó lọ lójú Odò Ògùn, tí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà ń kọjá lókè bíi ìkùukùu, tí ìmọ́lẹ̀ ń rọra wọ inú omi tọ̀ ọ́ wá. Kò bà á lẹ́rù. Ó dùn mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló burú.

Ọmọ rẹ̀, Hephzibah, ló gbé e lọ ya fọ́tò. Kókó náà ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

“Bí ẹ bá ti tètè wá ni…” Dókítà kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ fún wọn.

Nílé, Dìran béèrè pé, “Kí la fẹ́ sọ fún ìjọ?”

“Òótọ́ ni ká sọ, Dádì,” Hephzibah dáhùn.

“Lẹ́yìn ẹ̀rí tí gbogbo Igbein gbọ́? A ó ní màmá ẹ lọ kí àbúrò ẹ l'Ékòó.”

Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. “Ẹ kúkú ní mo lọ London, Bàbá Hephzibah. Bẹ́ẹ bá máa purọ́, ẹ jẹ́ n wọ ọkọ̀ òfuurufú.”

Wọ́n tún la àyà náà, wọ́n sì yọ kókó náà. Lọ́jọ́ kẹta, tí páìpù ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí oògùn ìrora ń gbé e lọ gbé e bọ̀, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí i lójú ìkànnì ẹgbẹ́ lórí fóònù: “Ẹ kú ìgbádùn Èkó o, Mọ́mì!” “Ẹ ra búrẹ́dì bọ̀ fún wa o!”

Ó fi ìka kan tẹ èsì: “Mi ò sí l'Ékòó. Kókó yẹn padà, wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Adébímpé, ìwọ tí wọ́n yọ kókó ọmú fún, tó jẹ́rìí tẹ̀ lé mi, lọ yẹ ara rẹ wò lọ́la.”

Ó fi ránṣẹ́ kí Dìran tó wọlé.