Ìwọ́ Ọmọ Lẹ́bàá Wáyà

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Libreville, olú-ìlú Gabon, kò sí àdúgbò tí wọn ò gbẹ́ láti ri wáyà ayélujára mọ́lẹ̀. Wọ́n ri tiwa sí ẹ̀bá ògiri ilé wa ní àdúgbò Sotega. Láìpẹ́ ìyàwó mi bí àkọ́bí wa, ìyá mi sì ti Kétu wá bá wa wẹ ọmọ.

Bàbá mi ò lè wá. Àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ó fàáké kọ́rí pé lọ́jọ́ kẹjọ, òun lòun máa fẹnu ara òun sọ ọmọ náà lórúkọ, òun sì gbọ́dọ̀ rí i lójú. Ó ní òun ò lè sọ ẹni tí òun ò rí lórúkọ. Fóònù ọwọ́ wa nígbà náà ò lè gbé àwòrán. Wáyà yẹn nìkan la gbójú lé, ó sì kú lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an.

Ọkùnrin méjì wá tún un ṣe. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sínú wáyà, ẹ̀rọ wọn sì fi ibi tí ó ti já hàn: abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré kan tí mi ò mọ ẹni tó gbìn ín. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe mú ṣọ́bìrì, ìyá mi sáré jáde, ó sì jókòó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà.

“Mama, c’est coupé là,” ni ọkùnrin náà wí ní Faransé, pé ibẹ̀ ló ti já, ó ń nawọ́ sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Mo bi ìyá mi ohun tó wà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo àwọn ọkùnrin náà, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ Yorùbá.

“Ìwọ́ ọmọ ni. Ó já lánàá, mo sì rì í láàárọ̀ yìí, mo gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e. Ibí nìkan ni ilẹ̀ ti rọ̀. Gbòǹgbò kan tiẹ̀ dí mi lọ́wọ́, mo bá fi ọkọ́ gé e.”

“Ṣé gbòǹgbò náà dúdú bíi rọ́bà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé bí igi ilẹ̀ yín ṣe rí nìyẹn.”

Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi. Mo ní bàbá mi ń dúró dè wá. Ìyá mi dìde kúrò nílẹ̀.

“Sọ fún wọn kí wọ́n kọjú sí ògiri. Àjèjì kì í wo ìwọ́ ọmọ.”

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fi Faransé ṣàlàyé ìyẹn. Mo kàn bẹ̀ wọ́n, àwọn géńdé méjì tó dé akoto sì kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ìyá mi hú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ wa ilẹ̀, ó sì di aṣọ funfun kékeré kan mọ́wọ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó yíjú padà, tí wọ́n so wáyà pọ̀.

Ojú bàbá mi yọ lójú kọ̀ǹpútà wa. Ó ti rù gan-an. Mo gbé ọmọ sókè, ó wò ó pẹ́, ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Omijé bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ló wo ìyá mi.

“Kí lo dì mọ́wọ́ yẹn?”

“Ìwọ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n hú u.”

“Má tún rì í síbẹ̀ mọ́. Gbé e bọ̀ wálé. Ibi tí a bá ri ìwọ́ ọmọ sí ni ilé rẹ̀.”

Ìyàwó mi, tí wọ́n bí sí Libreville, wò mí. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń sọ pé n óò padà sílé. Nígbà tí ìyá mi ń lọ, ìwọ́ ọmọ mi ló bá a lọ.