Ọ̀rọ̀ Tí N Kò Kọ Sínú Lẹ́tà Ìyá Mi

Òórùn àgbo ló gba gbogbo ilé wa kan ní Lèma lọ́dún náà. Yàrá ìyá mi fẹ̀yìn ti àpáta, òórùn egbòogi tó ń hó lórí iná kò sì rọ́nà gbà jáde. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ wa gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ni, mo ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Dáṣà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo fẹ́ràn jù: "extremely". Olùkọ́ wa ní ìbejì "extrêmement" ni, pé ohun tó bá ti kọjá "gan-an" nìkan ni kí á máa lò ó fún. Mo wá ń wá ohun tí mo lè lò ó fún kiri, ọmọdé ń ṣe mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ pákó kan n'Ìbàdàn, lódìkejì ààlà. Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó kì í fún ẹnikẹ́ni láyè láti lọ sílé àfi tó bá rí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì láti ilé. Nígbà tí ìyá mi ò lè dìde jókòó mọ́, tó sì ń béèrè ọmọ rẹ̀ láràárọ̀, mo mú bébà, mo jókòó tì í. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi yẹn, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un pé àìsàn rẹ̀ ti kọjá ààlà.

"Pa á rẹ́," ìyá mi wí. "Kọ ọ́ pé ó rẹ̀ mí díẹ̀."

Bí wọ́n ti ń ránṣẹ́ àìsàn nílẹ̀ wa nìyẹn. Àwọn àgbà gbà pé ọ̀rọ̀ ńlá máa ń jẹ́ kí àìsàn le sí i. "Díẹ̀" la máa ń wí, ẹni tó gbọ́ á sì ti mọ̀ pé kóun máa bọ̀ nílé. Mo ya bébà náà, mo kọ "díẹ̀" ní Gẹ̀ẹ́sì sórí òmíràn, oníṣòwò kan sì bá wa mú un lọ.

Ìyá ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Ó ní lẹ́tà náà yé òun lójú ẹsẹ̀, òun sì bẹ ọ̀gá títí, ṣùgbọ́n ìwé yẹn náà ni òyìnbó ń nàka sí, pé ta ló ń torí àárẹ̀ díẹ̀ rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó o kọ?" ó bi mí.

"Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá ló ní kí n má kọ ọ́."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bínú sí òyìnbó yẹn, mo sì bínú sí àṣà wa náà. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ara mi ló yẹ kí n bínú sí. Ìyá mi ò mọ̀wé. Ǹ bá ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n sọ fún un pé "díẹ̀" ni mo kọ. Kì bá mọ̀ láéláé, ì bá sì rójú ọmọ rẹ̀ kó tó kú.